Fóònù mi sọ Ìyá Ìbejì mẹ́ta di ẹyọ kan

Fóònù mi fojú mi gbolẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ó ní òun rí orúkọ mẹ́ta tó bára mu, ṣé kí òun pa wọ́n pọ̀. Mi ò tiẹ̀ wò ó dáadáa tí mo fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá pe Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ fún mi, mo ní ṣé bùbá mi ti ṣe tán.

"Bùbá wo? Ìyá Ìbejì ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyí o."

Ojú tì mí jàre, mi ò sì mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti aránṣọ mi mọ́.

Màmá mi ni mo rántí. Ní bíi náíńtíì-tú, nígbà tá à ń gbé ní Ìkòtún, wọ́n ní ìwé àdírẹ́sì kan. Ojú ewé I ti kún, ó ti ya wọ J, torí Ìyá ni gbogbo èèyàn wọn. Ìyá Ìbejì Egan, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ìyá Ìbejì Ìṣẹ̀rí, ilé tí kànga wà níwájú rẹ̀.

Èmi ọ̀mọ̀wé wá ra ìwé tuntun, mo fẹ́ bá wọn tún un tò.

"Màmá, kí lorúkọ Ìyá Ìbejì Egan gan-an?"

Wọ́n bi mí padà pé:

"Ṣé o fẹ́ máa pè é lórúkọ ni?"

Bí mo ṣe pa ìwé tuntun dé nìyẹn.

Màmá ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kò sí Ìyá Ìbejì kankan tó sọnù níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni fóònù ti bá yín pa pọ̀ rí?

Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ fún mi, tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ǹ bá dárúkọ yín, mi ò mọ̀ ọ́n ni.