Ìkíni Tí Wọ́n Sọ Di Ìfọwọ́sí

Ohun tí a pàdánù ni ẹ̀tọ́ àwọn arúgbó àti abirùn mẹ́rìnlá láti kú sí ibi tí a ti ń gbọ́ èdè wọn. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé lójú ọ̀nà Ipele ṣì dúró. Òrùlé rẹ̀ kò jò, fèrèsé rẹ̀ sì pé. Kì í ṣe ilé ni mò ń sọ. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn gbà, ìwé tí wọ́n fi kó wọn lọ sì sọ pé gbogbo wọn gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, obìnrin tí ó tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ikú ìyá mi.

Èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀. N kò ní fi èyí pamọ́. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀wọ̀ láyé ìjọba ológun. Ìyàwó mi ti bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, èmi àti màmá, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, la jọ ń gbé yàrá méjì, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni wàá máa wá?" Mo ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní, "Ó dára. N ó máa ka ọjọ́ mẹ́fà."

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo rí i pé aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ alẹ́, kí àwọn tó ń se oúnjẹ lè tètè relé. Láti ìgbà náà di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan kan kì í kan ẹnu wọn mọ́. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, awakọ̀ akẹ́rù kan tí ìjàǹbá ọkọ̀ rọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Dírẹ́bà ni gbogbo wọn ń pè é.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ìwé wo ló ní kí àgbàlagbà jẹun alẹ́ kí àwọn ọmọléèwé tó délé?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn. Ebi ló ń pa á, ó ń pè é ní òfin."

"Màmá, ebi ń pa ẹ̀yin náà. Tiyín ló kàn mọ ìwà á hù."

Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọn á to àga yípo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Wọ́n fi ẹni tó dàgbà jù ṣe alága, bàbá kan láti Okeluse, àgbẹ̀ kòkó tí ó ti sin gbogbo ọmọ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ, wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í ṣíwájú àgbà sọ̀rọ̀, pàápàá lójú àlejò. Mo kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà sínú ìwé, alága fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mátíróònù, kò sì pé oṣù kan tí oúnjẹ alẹ́ fi di aago mẹ́fà. Obìnrin kan tí kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, tí ó ń wọ aṣọ tó mọ́, nítorí ìpàdé. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bínú síra wọn, wọ́n sì ń bẹ ara wọn. Bí mo bá padà sí yàrá mi méjì nírọ̀lẹ́, tí mo ṣílẹ̀kùn, tí kò sí ẹni tí yóò bi mí bí ọ̀nà ti rí, á máa ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọ́n gbàgbé síbì kan.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé àwọn aláṣẹ tó ni ilé náà fẹ́ tì í pa, kí wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí ilé ńlá kan níhà etí omi, ní ìkángun ìpínlẹ̀ wa. Èdè ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Láti Ọ̀wọ̀, ènìyàn á wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí ó tó débẹ̀. Ìbátan wo ni yóò rin ìrìn yẹn lóṣooṣù? Sátidé mẹ́ta ni ìpàdé fi jókòó lé e lórí. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí kò lọ́jú pọ̀: a kò lọ. Mo kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà nìkan ló fọwọ́ kọ orúkọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo tàdáwà tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ pẹ́ títí.

"Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mo tẹ̀ síbí yìí o," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni kí wọ́n sin mí sí."

A ṣètò pé bí àwọn aláṣẹ bá wá gbọ́ tẹnu wọn, alága ni yóò sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ ọ́ tán, á pè mí kí n gbé ìwé náà kalẹ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. A ti retí wọn fún wákàtí mẹ́rin, awakọ̀ wọn kò sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Olórí wọn jẹ́ ọ̀mọ̀wé bíi tèmi, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tí ó tẹrí ba dáadáa kí ó tó jókòó.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"A dúpẹ́. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ọyẹ́. Ṣé àlàáfíà lẹ fi ilé sílẹ̀?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín?"

"Wọ́n ń gbìyànjú. Ọlọ́run á tọ́jú ẹ̀yin náà."

"Ẹ ti gbọ́ nípa ètò tuntun yìí. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí àgbà, wàhálà ò ní wá yín wá. Ẹ jẹ́ á fún yín lóbì ná."

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ibi tí a dé. Orí ìkíni la ṣì wà. Àgbà kì í ju ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sójú àlejò kí ó tó fún un ní nǹkan fi sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde, ó di ògiri mú, ó ń lọ mú obì wá. Akọ̀wé wọn ń kọ̀wé. Màmá kò tíì dé yàrá tí olórí wọn fi dìde.

"A ti gbọ́ tẹnu yín, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ẹ dúró!" Dírẹ́bà kígbe. "Wọn ò tíì débi ọ̀rọ̀!"

Alága yíjú sí i. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nìyẹn? Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á jókòó padà."

Wọn kò jókòó. Èmi ńkọ́? Ìwé náà wà lápò mi. Mo ń dúró kí alága pè mí. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ìgbà tí mo fi sáré bá ọkọ̀, ó ti ń rìn. Mo na ìwé náà gba ojú fèrèsé, ẹni tó gbà á sì fi í sábẹ́ fáìlì láìṣí i. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, àwo obì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti lọ?" ó bi mí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà. Ìlà kan péré ló kàn wá: wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùgbé, àwọn olùgbé sì ní kò sí wàhálà.

Ní Sátidé kan, mo gbé iyán lọ fún màmá. Ọlọ́dẹ ló pàdé mi. "Tíṣà, wọn ò sọ fún yín? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kó wọn." Àwọn àga ṣì wà yípo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sórí ọ̀kan. Kò sí àgbà kankan tí mo gbọ́dọ̀ dúró dè mọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, n kò sì ní ẹni tí n ó sọ ọ́ fún.

Epo ọkọ̀ wọ́n lákòókò náà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lè dé etí omi. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀. Kì í sọ̀rọ̀! Mo fi ohùn Ọ̀wọ̀ kí i, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì sọ̀rọ̀ títí ikọ́ fi mú un. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni. Ó ní òun ò mọ Sátidé mọ́, pé bí òun bá bi wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Dírẹ́bà ti ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa ṣèpàdé; wọ́n ní kò sóhun tó ń jẹ́ ìpàdé níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé mìíràn nínú ọgbà náà. Bàbá Okeluse kú ní oṣù kejì tí wọ́n débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú kí òjò tó dá. Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin ín ni lẹ́tà wọn dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹni tó mú mi lọ sí ibi ìsìnkú nawọ́ sí àwọn òkìtì kan tí kò ní àmì, ó ní, "Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni."

Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́ta wọ̀nyẹn, ẹ ṣì wà láyé, ẹ ṣì ń jókòó níwájú nílé ìjọsìn. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ kò mọ̀. Yorùbá ni yín. Wọ́n ti kí yín bẹ́ẹ̀ rí nílé bàbá yín, ẹ sì dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Níbo ni ìwé tí àwọn mẹ́rìnlá fọwọ́ sí wà? Ta ló pinnu pé kí ẹ dìde kí bàbá tó sọ̀rọ̀? Èwo nínú àwọn òkìtì yẹn ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ta nínú yín ni yóò sì gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀? Gbangba ni mo ti bèèrè. Gbangba ni kí ẹ ti dáhùn.