Ìlà Kejì Tí Jàfárù Mú

Ká sọ ọ́ bó ṣe rí jàre: irọ́ ni àwọn ọmọ yunifásítì yẹn fi ń wá òótọ́, Jàfárù ni wọ́n sì fi ṣe ìjẹ.

Káfíńtà ni Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún. Tó bá fojú wo pákó tó ní kò ní gba inú férémù, kò sẹ́ni tó ń janpata, wọ́n á kàn tún un gé ni. Ojú yẹn ló fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi há sí i lára bí èérún igi tó wọ abẹ́ èékánná.

Olúwadọ̀tun, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì, ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí bí ojú èèyàn ṣe ń ríran, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Gowon Estate. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Jàfárù débẹ̀, àwọn mẹ́rin ti jókòó. Alhaji Sàkàrìyáù, baba onílẹ̀ kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, ló wà níwájú. Ọmọge kan tó ń jẹ́ Hope tẹ̀ lé wọn, gende méjì tẹ̀ lé Hope, Jàfárù ló gbẹ̀yìn. Olúwadọ̀tun gbé páálí kan sókè. Ìlà kan wà lápá òsì, mẹ́ta wà lápá ọ̀tún. Èwo nínú mẹ́ta yẹn ló gùn bíi ti òsì? Ìkẹta ni, ọmọ jẹ́léósinmi á mọ̀ ọ́n.

"Ìkejì," ni Alhaji wí.

Hope náà ní ìkejì. Àwọn gende ní ìkejì.

Jàfárù wo páálí, ó wo irùngbọ̀n funfun Alhaji. Ta ló máa la ẹnu ẹ̀ láàárín àwùjọ pé àgbà ò ríran? "Bí bàbá ṣe wí náà ni," ó ní. Páálí míì dé, Alhaji tún ṣì í, Jàfárù tún bá wọn ṣì í. Gbogbo ara ń yún un lórí àga. Alhaji jáde lọ kírun, ó padà wọlé, páálí ṣì ń dé.

Nígbà tí wọ́n parí, Olúwadọ̀tun tú àṣírí. Òun ló bẹ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ohun tí òun ń wá ni bóyá èèyàn á bá ọ̀pọ̀ èrò lọ nígbà tí ojú ẹ̀ rí ohun tó yàtọ̀.

"Èmi ò bá ẹnì kankan lọ," Jàfárù ní. "Mo bọ̀wọ̀ fágbà ni."

"Ẹ ṣé gan-an, sà," ọmọ yẹn dá a lóhùn, bí ẹni ń sin oníbàárà jáde.

Jàfárù sọ ọ́ fún Táyéwò, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra. Ó rò pé á gbè sẹ́yìn òun ni. Táyéwò rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ayùn sílẹ̀.

"Jàfárù, o ò mọ kúkúrú yàtọ̀ sí gígùn mọ́? Má fọwọ́ kan pákó mi o."

Obìnrin kan tó fẹ́ kí Jàfárù ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fóun gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, téèpù ni kẹ́ ẹ fi wọn tèmi ṣá."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò kúrò níbẹ̀ títí Jàfárù fi mú téèpù. Látìgbà náà ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Á gbé ayùn, á gbé e sílẹ̀.

"Bàbá Mubarakah, ẹ jókòó jẹun jàre," Àdíját ìyàwó ẹ̀ ní. "Ìlà lásán."

"Kì í ṣe ìlà lásán. Orúkọ mi ni."

Ló bá padà sí Gowon Estate.

"Tún bi mí," ó sọ fún Olúwadọ̀tun. "Ìsinsìnyí. Ìkẹta ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ àṣírí ẹ̀, kò lè rí bákan náà mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá yọ tiyín kúrò nínú ìwádìí náà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìdí."

"Mi ò ní kó o yọ ọ́. Ṣáà fi kún un pé mo rí i, ọ̀wọ̀ àgbà ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Fi ọmọdé sípò Alhaji, kó o wá wo ìjà."

Olúwadọ̀tun ṣí ìwé tó kọ èsì wọn sí. "Ẹ má bínú o. Ẹ rántí ìgbà tí Alhaji jáde lọ kírun Alásárì? Hope ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, Hope tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí lọ́mọ. Ó ní ìkíní, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni, ẹ̀yin náà ní ìkíní."

Jàfárù fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ó rántí. Àga Alhaji ṣófo, Hope ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sọ "ìkíní" bí ẹni tí kò bìkítà, ẹnu òun náà sì yára sọ ọ́ kí ojú tó wo páálí dáadáa. Àgbà wo ló ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀? Ojú àwọn tó kù ló bà á lẹ́rù, pé gbogbo wọn á yíjú wo òun nìkan.

Ìyẹn ò dá ọmọ yẹn láre o. Ẹni tó fi irọ́ pe èèyàn wá, tó wá ń fi òótọ́ nà án, ìkà ló ṣe.

"Ṣé kí n yọ ọ́, sà?"

Jàfárù dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Fi í sílẹ̀."

"Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ àgbà yẹn?"

"Ìyẹn ni kó o yọ."

Ó jáde. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè é, ó kọjá lára wọn. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sílé ní Dopemu, ó ń yára bí ẹni tí nǹkan ń lé.