Tún-un-kà àti Jíìpù Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí mẹkáníìkì kan wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó gbàgbé sípánà kan sórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ọ̀gá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e lọ sílé àna rẹ̀, ó padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ ìsọ̀ mẹkáníìkì náà pẹ̀lú ohun kan tí ó fi ìwé ìròyìn dì. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, iṣẹ́ ni mo bẹ̀ ọ́. N ò rántí pé mo ra irin mọ́ ọn." Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fi kún un pé sípánà méjì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀kan ọ̀hún sì tó láti máa dójú ti èèyàn fún ogójì ọdún. Láti ọjọ́ náà, kò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kankan dé mọ́ láìka irinṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì kà á tán, á tún un kà. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Tún-un-kà nìyẹn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí òórùn epo ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ó di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ti pa ìsọ̀ tì fún ọdún méjì, àwọn èèyàn sì ń sọ pé àgbà ló dé. Àgbà kì í ṣe àìsàn, àgbà kọ́ ló sì lé e kúrò ní ìsọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tó lé e. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ojú rẹ̀ láti rí ohun tó wọ́ lára aṣọ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀. Ó ń rí i pé bí ọkọ òun bá ń bu omi, ìka kan á wà létí ife láti mọ ibi tí omi dé. Ó ń rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá àga kó tó jókòó. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń bú àwọn oníwèé ìròyìn pé ahun ni wọ́n, pé wọ́n ń ṣọ́ tàdáwà lò, ni lẹ́tà wọn ṣe ń kéré sí i lójoojúmọ́. Lẹ́tà kò kéré sí i. Ìyàwó kò sọ nǹkan kan, ọkọ kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Obìnrin ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì kọ́. Ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ni àwọn òbí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní Bàbá Nọ́ọ̀sì àti Ìyá Nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì wa jíìpù rẹ̀ wọ àgbàlá. Jíìpù ọlọ́lá ni, ó dúdú, ó ga, awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń pa dé jẹ́ẹ́ bí ẹnu àgbà tó ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ. Alòkù ni ọmọ náà rà á, ohun tí ọlọ́lá bá sì ti lò kó tó jù ú sílẹ̀, ó ní ìdí tó fi jù ú sílẹ̀.

"Bàbá, ó ń mu omi."

"Ṣé ó ń mu ún ni, àbí ó ń dà á nù?" Bàbá kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ṣe gúnmọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Mo ń rọ ọ́ kún láàárọ̀, tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ sílẹ̀. N ò sì rí i kó kán sílẹ̀."

Bàbá tẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, ó fimú fa atẹ́gùn. Ó ki ọwọ́ bọ inú, ó fi ìka pa ohun tó rí níbẹ̀. "Ó ń rùn bí ṣúgà tó jóná. Àárín gbùngbùn ẹ́ńjìnnì ló ti ń jò; ooru ń gbẹ omi náà kó tó rí ọ̀nà jáde. Páìpù ike ni wọ́n fi síbẹ̀. Ike, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná! Ẹni tó dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, n ò lè gbà á síṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo ti ra gbogbo páìpù náà ní tuntun, onírin ni. Àwọn gáráàjì ní àfi kí àwọn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, bàbá mi ló máa ṣe é. Àmọ́ Sátidé ni mo ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun o, ọ̀nà wákàtí méje. Ṣé á ti parí?"

"Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé wá dágbére, ó rọra béèrè pé, "Màámi, ṣé ara Bàbá le?"

"Ara wọn le."

Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òótọ́ tó pé. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn aránṣọ kò ti balẹ̀. Bí ọwọ́ ọkọ òun bá ṣì níbì kan, ẹ́ńjìnnì lè jóná lójú ọ̀nà, ọmọ wọn nìkan ni yóò sì wà nínú ọkọ̀. Bí òun bá sì ní kó má ṣe é, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọkùnrin náà fi ń pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, oòrùn ti gòkè dáadáa nígbà tí bàbá kígbe láti abẹ́ páánù tí wọ́n fi ṣe ìbòji sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú!"

"Tọ́ọ̀ṣì? Nínú oòrùn yìí? Ṣé ẹyin adìẹ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni?"

"Ẹ́ńjìnnì yìí jìn. Máa bọ̀, má rojọ́."

Ó wá. Ó mọ ẹni tí ojú rẹ̀ nílò tọ́ọ̀ṣì náà, kò sì jẹ́ kó hàn. Ó mú aṣọ funfun kan tó ṣẹ́ kù lára ìrọ̀rí dání, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ́ńjìnnì náà sí i bó ṣe rí láti òkè. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti tú bóòtù kan, tó na ọwọ́ sẹ́yìn, aránṣọ á bi í pé, "Ibo lẹ ti yọ eléyìí?" Ọkọ á ní, "Ọ̀tún, lókè, ìkẹta." Aránṣọ á fi àlùmọ́gàjí gé ojú ihò kékeré sí ibẹ̀ gan-an, á sì ki bóòtù bọ̀ ọ́ bí ẹni ki bọ́tìnnì bọ ẹ̀wù.

"Kí lò ń gé níbẹ̀ yẹn? Ṣé o fẹ́ dá ẹ̀wù fún jíìpù ni?"

"Mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Mo rí i pé ó ń wo ara rẹ̀."

"Á gbà tó ọgọ́rùn-ún yáàdì. Wo bí ìdí rẹ̀ ṣe tóbi."

"Ẹ má bú oníbàárà mi o."

Bàbá kò wo inú ẹ́ńjìnnì. Ó gbé ojú sókè sí páánù bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wọlé títí dé ìgúnpá. Àwọn ìka náà ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, wọ́n ń dúró, wọ́n ń mọ ibi tí wọ́n wà. Ó yọ àpótí atẹ́gùn, ó yọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí tó fi kan kòtò tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì, níbi tí páìpù ike náà sùn sí. Ìyẹn di Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe fọwọ́ gbá páìpù náà mú láti fà á yọ, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí bísíkíìtì gbígbẹ.

Ó ṣa á. Ó ń kó o sínú àwo, ó kà á, ó tún un kà. "Mẹ́sàn-án. Ó pé."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Kíka kì í sọ fúnni pé nǹkan pé. Iye tó wà lọ́wọ́ ló ń sọ. Aránṣọ mọ èyí, torí ó ti rí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tó ka apá aṣọ pé, tí apá náà kò sì bá ihò èjìká mu. Ó gbé àwo náà lọ sórí tábìlì rẹ̀. Ó wá kẹ̀kẹ́ òwú kan tó ní ìwọ̀n páìpù náà, ó sì ń to àfọ́kù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yí i ká, etí sí etí. Nígbà tó tò ó tán, ojú kan ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ọṣẹ pa rọ́bà ẹnu páìpù tuntun nígbà tó dé.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná. Ó ku ọ̀kan."

"Ọ̀kan kí ni? Mo kà á. Mo tún un kà."

"Ẹ kà á dáadáa lóòótọ́. Èmi wá tò ó, kò pé. Ó ku bí èékánná, inú ẹ́ńjìnnì ló sì máa wà, á dí omi lọ́nà."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ti wọ yàrá ìránṣọ rẹ rí kí n ní apá aṣọ kò dọ́gba?"

"Ẹ ti wọ̀ ọ́ rí. Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ sì jẹ̀bi lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́ mìíràn, ì bá rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó fúnra yín," ni ìyàwó wí, ó sì gbé e síwájú rẹ̀.

Ó fọwọ́ ti jígí ojú rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ọn, ó mi orí. "Mo rí i. Kò sí ohun tó ṣe é." Igi tó gbé páánù ró ló tẹjú mọ́.

Aránṣọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sórí àwọn àfọ́kù náà, ó sì rọra mú un rìn káàkiri títí ìka fi já sínú ojú tó ṣí sílẹ̀. Ìka dúró síbẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú. Òsì wá tẹ̀ lé e. Ó ti lé lọ́dún méjì."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ta lẹ rò pé ó ń tún bọ́tìnnì yín dè láràárọ̀? Àbí ẹ rò pé ìfẹ́ ló ń pa mí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lágbedeméjì. "Tí ọmọ yẹn bá mọ̀, kò ní gbé mọ́tò wá bá mi mọ́. Tó bá wá kí mi, á kàn máa kí mi ni."

"Ọ̀nà wákàtí méje ni, olówó orí mi."

"Mo gbọ́." Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀. Ihò tí páìpù náà wọ̀ há lẹ́nu, ó sì yí nínú. Ibi tí ike yẹn wà, kò sí ojú ẹnikẹ́ni tó lè débẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ó ki ọmọńdinrín bọ ihò, ó yọ ọ́. "Mo kàn án. Tí mo bá tì í báyìí, ó lọ nìyẹn. Nǹkan tín-ínrín tó kọ́ lẹ́nu ni mo fẹ́."

Aránṣọ sáré wọlé, ó mú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu-kíkọ́ tó fi ń hun fìlà ọmọ ọwọ́ jáde. Bàbá fi ìka méjì dì í mú. Lẹ́ẹ̀kíní, ike náà yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yẹ̀.

"Máa mí, jàre," ni ó wí láìyíjú. "Mẹkáníìkì ni mí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tó dákú."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jáde. Kò gbé e sínú àwo. Àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló gbé e sí, ó sì pa ọwọ́ náà dé mọ́ ọn. Aránṣọ lọ tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ó dí ojú náà pinpin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n yọ bóòtù kúrò lára aṣọ funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi de páìpù tuntun àti gbogbo ohun tí wọ́n tú, títí aṣọ fi ṣófo. Wọ́n rọ omi, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Aránṣọ jókòó níwájú, ó ń ka ọwọ́ aago tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn sí ọkọ rẹ̀ létí. "Ó ti gbéra. Ó ń bọ̀. Ó dé àárín. Ó dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń wò."

Wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bàbá fa páálí tó tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbígbẹ ni.

Nọ́ọ̀sì dé nírọ̀lẹ́, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ti pinnu pé kì í ṣe òun ni yóò sọ ọ́.

"Dúró ná," ni bàbá wí. "Ó yẹ kó o mọ ẹni tó ṣe é kó o tó gùn ún. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ojú màmá rẹ ló wò ó. N ò ríran mọ́, àfi òjìji." Ó sì sọ ti àfọ́kù kẹwàá fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ọmọ náà di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì wò bí yóò ti ṣe fún àjèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ tán kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọdún méjì! Ẹ̀yin méjèèjì! Èmi tí mo ń lé àwọn tí n ò mọ̀ rí kiri pé kí wọ́n lo oògùn!"

"Màmá rẹ ló ń bá mi de bọ́tìnnì."

"Ẹ má kó mi mọ́ ọn o," ni aránṣọ wí.

Nọ́ọ̀sì nu ojú. "Wọ́ọ̀dù ojú wà níbi tí mo ń lọ yẹn. N ò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á padà. Àmọ́ ẹ ń bá mi lọ lọ́la. Ta ló máa máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì fún mi lójú ọ̀nà?"

"Èyí mọ́gbọ́n dání," ni bàbá wí, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Wọ́n gbéra ní Àbámẹ́ta. Aránṣọ kẹ́yìn nítorí aṣọ àwọn oníbàárà, ó sì bá wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Jíìpù náà rin wákàtí méje, omi rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Bàbá ní òun fetí sí ẹ́ńjìnnì láti ilé dé ọ̀hún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní ó sùn fún wákàtí méjì.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì. Wọ́n ní ọ̀tún ti pẹ́ jù. Nígbà tí ìròyìn tó kẹ́yìn dé, ó wà ní wọ́ọ̀dù ojú, ní àjà kejì ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, lórí ibùsùn tó sún mọ́ ìlẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ojú òsì náà.