Oṣù Tí Ọkọ Mi Búra Lé

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń lo oògùn yẹn láti kékeré. Ẹni tó bá kí mi kúnlẹ̀kúnlẹ̀ jù, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìkànnì kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, tó ní kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, tó sì ní ọ̀fẹ́ ni, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Àwọn kan jókòó sókè òkun, wọ́n ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá fún gbogbo ìlú ayé, wọ́n kó o síta fún aráyé, wọn ò sì gba owó, pẹ́sẹ̀wà kan péré? Mo ní nǹkan kan wà nídìí ẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ayigya, ní Kumasi níbí, ni mo ti ń kọ́ni. Mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé a máa dán ìkànnì náà wò bí a ṣe ń dán ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun wò. A tẹ Kumasi sí i. Ó sọ ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ àti ìgbà tí òṣùpá máa wọ̀, kálukú sì lọ sẹ́yìn ilé wọn lọ ṣọ́ ọ. Níbi tí ìkúukùu ò bá ti dí wa lójú, kò tàsé. Odindi táàmù kan la fi ṣọ́ ọ. Ká sòótọ́, mo ń wá ibi tó ti máa parọ́, mi ò sì rí i.

Ààwẹ̀ wá dé. Ọmọ Ìlọrin ni ìdílé ọkọ mi, wọ́n ti pẹ́ ní Kumasi. Bí àwọn mọ́sálásí yòókù ṣe ń retí ìkéde orí rédíò, mọ́sálásí kékeré tiwa kì í retí ẹnikẹ́ni ju bàbá ọkọ mi lọ. Alfa ni wọ́n, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń bá wa wo oṣù. Ojú wọn ti wá ń ṣe bàìbàì báyìí, a sì ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantama títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fi oṣù sílẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ tẹ Kumasi. Ìkànnì ní òṣùpá máa wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan tí ojú èèyàn lè rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn dáadáa, mo ní ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀la.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá di ọwọ́ ọkọ mi mú, wọ́n gun òkè ilé lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní oṣù ti lé. Wọ́n lọ sí mọ́sálásí, àwọn méjèèjì sì fi Àlùkùránì búra. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń pariwo ọdún káàkiri àdúgbò.

Mo wo ojú ọkọ mi. Kò wo tèmi. Mo padà sórí ìkànnì bóyá ìlú mìíràn ni mo tẹ̀, Kumasi náà ni. Mo ní bóyá èéfín bàálù ni wọ́n rí. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé ni ọkọ mi ń tà ní ọjà Asafo, ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ló sì máa ń tà jù. Ọdún tó tètè dé yẹn ba ọjà rẹ̀ jẹ́ ni. Ta ní í búra èké láti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́? Ọ̀rọ̀ náà tún wá rú mi lójú sí i.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Mùsùlùmí Kumasi yòókù ń gbààwẹ̀, àwa ń jẹ ìrẹsì àti ẹran. Kò dùn lẹ́nu mi. Bí oṣù ò bá lé, a jẹ́ pé ọkọ mi ti búra èké níwájú Ọlọ́run, ó sì ti mú kí odindi mọ́sálásí jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀. Ẹni tí mo ń sùn tì ni o.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà, ọmọbìnrin kan láti àdúgbò wa nawọ́ ní kíláàsì. "Madam, hwan na ɔtwaa atorɔ? Ta ló parọ́, fóònù yẹn àbí Alfa?" Mo ní kó jókòó, mo ní a máa sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó wò mí bí èmi náà ṣe máa ń wo èèyàn. Inú bí mi, ojú sì tì mí.

Mo fi í sínú títí oṣù Ṣáwálì tó tẹ̀lé ààwẹ̀ fi parí. Ní ọjọ́ Àlàárùba kan, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo bi ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe. Mi ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ fi ojú ara yín rí i?"

"Bàbá ní àwọn rí i. Ṣé kí n ní Bàbá ò rí i ni?"

"Mi ò bi yín ní ti Bàbá."

Ó ń ká aṣọ ọjà rẹ̀, kò gbójú sókè. "Mo rí ibi tí Bàbá nawọ́ sí."

Mo gbé tíì lọ bá Bàbá ní yàrá wọn, mo fi ọgbọ́n dá ọ̀rọ̀ oṣù sílẹ̀. Wọ́n gbé ife tíì kalẹ̀. "Ìyàwó mi, ojú ọmọ mi ni mo fi ń ríran báyìí. Bó bá ní òun rí i, èmi náà ti rí i nìyẹn."

Mo jáde. Àwọn méjì gun òkè ilé, kò sí èyí tó rí nǹkan, oṣù sì lé. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lókè yẹn. Ẹni náà ni mo ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàmísì, mo gbààwẹ̀ láti fi san ọjọ́ tí a jẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, mo gbé kókó àti kósé, ìyẹn ògì àti àkàrà, lọ fún Bàbá, wọ́n ní kí n gbé e padà, pé inú ń run àwọn. Ọkọ mi gbàgbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílé, ẹni tó lè gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé oúnjẹ. Mo fura. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n pe ìrun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àgbàlá. Bàbá ní kí ọmọ àwọn bá àwọn wá dàbínù tí àwọn máa fi ṣínu. Ọkọ mi ti ọwọ́ bọ àpò, dàbínù ti wà níbẹ̀. Ó fún Bàbá, ó ju ọ̀kan sẹ́nu, ó wá rí i pé ẹnu tèmi náà ti ń jẹ.

Bàbá tu kóró dàbínù sọ́wọ́. "Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ tètè mú mi dé mọ́sálásí, kí n sọ fún wọn pé kí kálukú san ọjọ́ kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní mo rí i."

"Rárá o, Bàbá," ọkọ mi dáhùn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ kàn gbè mí lẹ́yìn ni."

Mo wo ọ̀kan, mo wo ìkejì. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń parọ́. Mo bu omi fún àwọn méjèèjì, mi ò sì bèèrè èwo ni.