Èènì Tí Láyíwọlá Ní Kí Josephine Má Fi Sí I Mọ́

Bí ẹ bá dé Enugu lọ́dún 1983, tí ẹ béèrè Láyíwọlá lọ́wọ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ á fi ìwo júwe ilé rẹ̀ ní Idaw River. Kọnsọ́tántì ni, ẹni tí àwọn oníṣòwò ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló gbé e wá láti Ìlọrin. Ó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ó gbé pátákó tirẹ̀ síta. Ìwé tó kà pọ̀ débi pé àjà ilé rẹ̀ ti ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀: ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó ń kọ́ àwọn obìnrin oníṣòwò ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Asata, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ ló ti mọ Josephine, opó tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí. Tí Josephine bá fi agolo wọn ẹ̀wà tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á ní, "Jára yín rèé o!"

"Madam, èrè yín lẹ fi ń tọrẹ yẹn," ni Láyíwọlá wí. "Ẹ dá a dúró."

"Àwọn oníbàárà ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ẹ̀wà yín ni wọ́n ń rà, kì í ṣe ọwọ́ yín."

Josephine gbọ́rọ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, gbogbo Asata ti sọdá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n ní opó náà ti di ahun. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó ń ru igi ìdáná wá láti Amechi.

Láyíwọlá ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Oyèbísí. Oyèbísí wò ó lójú.

"Ìyá yín tó fi iyọ̀ títà rán yín nílé ìwé, ṣé kì í fi èènì sí i ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún ẹja. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ní Asata. Èyí tó burú jù ni pé àwọn obìnrin kíláàsì ní ọ̀lẹ ni Josephine, Láyíwọlá náà sì dákẹ́, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Ni Josephine bá wọlé lọ́sàn-án Sátidé kan, igi rírù ti mú ọrùn rẹ̀ le bí òkúta. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo tẹ̀lé gbogbo ẹ̀kọ́ yín."

Láyíwọlá kò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kóòtù àti táì nínú eruku. Àyà ilẹ̀ mì!

Ṣùgbọ́n Josephine kì í ṣe Yorùbá. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. "Oga, wetin loss?"

Obìnrin mẹ́ta ti ń bá a wá ohun tó sọnù. Àṣé ìdọ̀bálẹ̀ kò ní bá Láyíwọlá sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í ṣe. Èmi ni. Ìmọ̀ràn mi ló ba ọjà yín jẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní ọ̀lẹ."

Josephine nàró.

"Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ń ra ẹ̀wà mi. Àwọn aládùúgbò ni kí ẹ lọ sọ ọ́ fún."

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Josephine tún ṣí ìsọ̀ rẹ̀, kọnsọ́tántì sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń kígbe fún gbogbo Asata pé òun lahun, kì í ṣe obìnrin náà. Wọ́n fi ṣẹ̀sín títí. Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ gbé abọ́ rẹ̀ wá ra ẹ̀wà.