Ìdáhùn Tí Mo Fún ní Òdo

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì ní Igbó-Ọrà, mo ṣí rẹ́jísítà, mo pe Táíwò, ọmọ mẹ́fà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo pe Kẹ́hìndé, márùn-ún dìde. Mo bèèrè ẹ̀kẹfà, gbogbo kíláàsì dáhùn pé ibà ló dá a dúró sílé. Ọmọ Èrúwà ni mí, ìlú wa kò jìnnà sí tiwọn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ò dà bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ wọn láàárọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ń pè wọ́n ní Táíwò ẹ̀bá fèrèsé, Táíwò ìdí ilẹ̀kùn, Kẹ́hìndé adúmáadán.

Àárín àwọn ọdún 1980 nìyẹn. Mo ti kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà lọ kàwé, tí wọ́n wá gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama láti kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olórí ẹ̀ka wa ni tíṣà àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ràfíù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í mú pàṣán lọ́wọ́, síbẹ̀ tó bá wọ kíláàsì, ọmọ tó ń húkọ́ á gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ tíṣà tó o.

Ìwé àròsọ tí a fẹ́ kà lọ́dún náà, ẹ̀dà mẹ́ta péré ló wà fún ogójì ọmọ. Bàbá Ràfíù mú abẹ, ó tú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀. Ó yọ orí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, ó wá fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì ṣe èèpo fún un. Ọmọ tó bá ka orí kan tán á fún ẹlòmíràn, á gba òmíràn. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí ìwé tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ bí ẹran iléyá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ìyá Bùsọ́lá," ó wí, "èyí tó wà lódindi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ló ń kà á?"

Mo mú abẹ́rẹ́, mo bá a rán èyí tó kù.

Ìwé náà sọ nípa ìlú kan ní ọjọ́ iwájú. Ìjọba ìlú náà ti pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ kí wọ́n tó dáyé. Ẹni tí wọ́n bá ti yàn pé kó máa gbálẹ̀, láti ìkókó ni wọ́n á ti máa kọ́ ọ kó lè fẹ́ràn ìgbálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó jẹ ọ̀gá, wọ́n á kọ́ ọ kó máa rò pé òun ló tọ́ sí. Nígbà tí wọ́n bá fi dàgbà, kò sẹ́ni tó ń ráhùn, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè nǹkan kan. Ìwé tó le ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, Bàbá Ràfíù kìlọ̀ fún mi. "Nóòtì níwọ̀nba o. Bi wọ́n ní ìbéèrè, kí o sì dúró gbọ́ èsì. Dídúró yẹn gan-an ni iṣẹ́." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo wọ kíláàsì, mo sì kọ nóòtì kún pátákó láti òkè délẹ̀. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n kọ́ ọ sórí, tí mo bá bi wọ́n léèrè wọ́n á kà á fún mi láìsí àṣìṣe. Orí mi ń wú. Mo rò pé kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ bíi tèmi ní gbogbo Ìbàràpá.

Mọ́ọ̀kì dé, ìyẹn ìdánwò tí a fi ń yẹ àwọn ọmọ wò ṣáájú ìdánwò àṣejáde. Ọmọ tí kò bá yege mọ́ọ̀kì, ilé-ìwé kò ní fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ìbéèrè tí mo fi máàkì tó pọ̀ jù sí ni pé: ṣé inú àwọn ará ìlú náà dùn? Nóòtì mi ti dá a lóhùn pé rárá, inú wọn kò dùn nítorí pé wọn kò ní òmìnira. Mo jókòó pẹ̀lú bírò pupa, mò ń wá òmìnira kiri nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo bá ti rí i, mo máàkì í. Ọmọ kan ṣoṣo ni mi ò rí i nínú ìwé tirẹ̀, Kẹ́hìndé adúmáadán. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé inú wọn dùn. Mi ò kà á débi kankan, mo fi òdo sí i. Òdo yẹn ló gbé e ṣubú. Táíwò rẹ̀, tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kọ nóòtì mi láìyọ kọ́mà kan kúrò, òun ló sì gba ipò kìíní.

Ọjọ́ tí a lẹ èsì mọ́ ògiri, bàbá wọn wá. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìgàngán. Ó gbé iṣu mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn tíṣà níbi tí gbogbo ojú ti rí i, ó sì bèèrè mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní àga.

"Tíṣà, mo dúpẹ́ iṣẹ́ yín," ó wí. "Àwọn ọmọ yìí ò ní ṣe ìdánwò yín mọ́."

"Bàbá Ìbejì, Kẹ́hìndé nìkan ni kò yege. Táíwò ló ṣe ipò kìíní."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ò bá fún Kẹ́hìndé, a ò lè fún Táíwò. Bí a ti ń ṣe é látọjọ́ tí wọ́n ti dé nìyẹn. Aṣọ kan náà, oúnjẹ kan náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ń ránṣọ ní Láńlátẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ kọ́ṣẹ́."

Inú bí mi. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í la àgbàlagbà lọ́yẹ̀. Mo sọ ìtàn ìlú inú ìwé náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ní bí wọ́n ṣe ń ba ọmọ jẹ́ láti kékeré nìyẹn, kí wọ́n má mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá fún wọn lọ. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Kí n tó parí, wọ́n lu agogo, ìyẹn ríìmù táyà ọkọ̀ tí a so mọ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ tú jáde láti gbogbo kíláàsì.

"Ta ló pè wọ́n?" ó bi mí.

"Agogo ni, Bàbá. Àkókò oúnjẹ ti tó."

"Ẹni tí ebi ò bá tíì pa ńkọ́?"

"Yóò jáde náà ni."

"Hẹn," ó wí. "Ó jọ ìlú inú ìwé yín." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, bó ṣe rí i ló ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Kí ni Kẹ́hìndé kọ gan-an tẹ́ ẹ fi ní kò mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi kà á."

Mo mú ìwé ọmọ náà, mo ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Ohun tó kọ rèé:

"Inú àwọn ará ìlú yìí dùn, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ká ní inú wọn bàjẹ́ ni, wọn ì bá bèèrè nǹkan. Ní ilé wa, ẹ̀wà ni wọ́n máa ń sè fún èmi àti Táíwò torí wọ́n ní ìbejì fẹ́ràn ẹ̀wà. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí, èmi náà ò sì bi ara mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ìwé yẹn nìyẹn."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà máa kà á dé ìparí nìyẹn. Bàbá Ìbejì ń wo ilẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún," ó wí. "Lóòótọ́, a ò bi wọ́n." Ó gbójú sókè. "Tíṣà, ibo ló wá ti ṣì í?"

Mo wo ìwé náà lọ wò ó bọ̀. Mi ò rí ibi tó ti ṣì í. Ojú tì mí dé ìdí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo mú ìwé náà tọ Bàbá Ràfíù lọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ogójì ọmọ lo ní," ó wí. "Mọ́kàndínlógójì kọ nóòtì tìrẹ padà sí ọ. Ọmọ yìí nìkan ló ka ìwé."

"Kí ni kí n ṣe, sà? Èsì ti wà lára ògiri. Gbogbo ayé ló sì rí iṣu tí bàbá wọn gbé wá. Wọ́n á ní mo ti gba rìbá."

"Wọ́n á sọ ọ́. Gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé lọ́la, kí o kà á fúnra rẹ. Mi ò ní bá ọ kà á."

Mi ò sùn dáadáa. Ní ìpàdé, kí n tó la ẹnu tán, pírínsípà wa bèèrè ohun tí mò ń bẹ̀rù. "Ìyá Bùsọ́lá, iṣu ẹnu ọ̀nà yẹn ńkọ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣu wà níbẹ̀ sà, mi ò fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ náà kọ. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, ẹ̀rín parẹ́. Mo wá sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe: mò ń kọ́ ọmọ ní ìwé tó ní kí wọ́n má kàn gba ohun gbogbo gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wá gbọ́, mo fi òdo san án fún un. Pírínsípà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, òun náà tún un kà, ó sì fi bírò tirẹ̀ pa òdo yẹn rẹ́. Orúkọ Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ lọ sí ìdánwò àṣejáde. Pírínsípà ní kí wọ́n se iṣu náà fún gbogbo tíṣà, kó má baà jẹ́ ti ẹnì kankan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo nu pátákó mọ́, mo tún bi kíláàsì ní ìbéèrè yẹn láìkọ nóòtì kankan. Mo yíjú sí Táíwò tó gba ipò kìíní.

"Kí ni ìwọ rò?"

"Ohun tí ẹ kọ, ma."

"Mo mọ ohun tí mo kọ. Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò?"

Omijé lé ròrò sí i lójú. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n rò, ma. Màá rò ó."

Mo ti jẹ ẹ̀bi níwájú pírínsípà, mo ti jẹ ẹ̀bi níwájú àgbẹ̀, kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró dè é títí agogo fi lù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó wá bá mi. Kẹ́hìndé dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò. Táíwò na bébà kan tó ya láti inú ìwé rẹ̀ sí mi, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ wọ́ díẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ mi kankan níbẹ̀. Ó ní òun bẹ ìyá àwọn pé kó má se ẹ̀wà fún àwọn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá fẹ́ẹ̀ sunkún, ẹ̀rù ń bà á pé ìbejì ń bínú sí òun. Ó ní Kẹ́hìndé jẹ iṣu, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ara òun ò balẹ̀. Ó parí rẹ̀ báyìí: "Mo ti bi ara mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀wà."

Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táíwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́tẹ̀ yìí, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn méjèèjì yege. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ní ìparí àwọn ọdún 1990, mi ò kọ nóòtì kún pátákó mọ́. Mo máa ń bèèrè, mo máa ń dúró.

Ọjọ́ tí Táíwò mú bébà yẹn wá, mo gbé e lọ fún Bàbá Ràfíù. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó yí i wò níwájú àti lẹ́yìn bí ẹni ń wá nǹkan.

"Mélòó lo fún un?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan, sà. Mo kàn ka ohun tó kọ ni."

Ó dá a padà fún mi. "O ti ń di tíṣà," ó wí, ó sì lọ lu agogo.