Àna Tó Tọwọ́ Bọ Àwo Mi

Lọ́jọ́ tí ibà Lásà tú mi sílẹ̀, dókítà obìnrin tó tọ́jú mi ṣàlàyé fún mi. "Bàbá, kòkòrò yìí ò lè dá bímọ. Purotéènì ara rẹ̀ ló fi ń rọ̀ mọ́ purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì wa fi ń di ohun tó yí i ká mú. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e wọlé. Tó bá ti wọlé, àwọn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bímọ."

"Sẹ́ẹ̀lì ò béèrè pé ta nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nílé wa l'Àkúrẹ́, mo gbé òkúta lé ìdérí ike gààrí, torí eku ló ń gbé Lásà kiri. Ìyàwó mi ní ṣé eku ilé wa ti ka ìwé ni, tó fi mọ ìdérí í ṣí. Mo wá ka "ẹ wá jẹun" léèwọ̀.

"Ta ló ń jókòó jẹ ẹ́?" ló bi mí. "Ṣebí 'á gba ibi ire' ni gbogbo ayé ń dáhùn."

Sẹ́ẹ̀lì náà ò rí ẹni tó jókòó jẹ ẹ́ rí, kí Lásà tó dé.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ láti Oǹdó wá mọ̀ wá, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo bẹ̀ mí: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́." Mo tètè ń jẹ iyán tèmi kí n má baà bá wọn jẹun. Àfi bí bàbá ọkọ ṣe dá nìkan wọlé ṣáájú ẹbí rẹ̀. Ìyàwó mi gbàgbé èèwọ̀ mi.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ wá bá wọn jẹun."

"Ẹ ṣé o." Ó fọwọ́, ó jókòó, ó bu òkèlè nínú àwo mi.

Mo gbé àwo, mo sá gba kíṣìnnì já sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń tẹ̀ lé mi, òkèlè lọ́wọ́.

"Àna wa, ẹ dúró! Mi ò tíì kan ọbẹ̀!"

Ọmọ mi ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró lẹ́yìn kànga.

"Ẹ̀rù yín ń bà mí," ni mo wí.

"Ẹ̀rù èmi? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní Lásà ni?" Ó mí hẹlẹ. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n kọ́kọ́ jẹ nínú àwo yín. Tí mi ò bá kú, àwọn á jókòó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ẹ̀rù mi ń ba òun náà, síbẹ̀ ó ti bu òkèlè. Mo na àwo sí i, mi ò sì fà á padà.

Ẹ̀yìn kànga làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wa, ọwọ́ méjì nínú àwo kan. Èyí àgbà wo àbúrò rẹ̀ títí, bóyá yóò ṣubú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bu omi ìfọwọ́ wá fún òun.